Mo Ṣẹ̀ṣẹ̀ Jókòó Ni

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti Lọ́ńdọ̀nù dé, mo gbé àga síwájú ilé mi ní Ìwàrò Ọ̀kà, mo sì jókòó. Oòrùn ti rọlẹ̀, atẹ́gùn ń ti orí òkè fẹ́ wá. Ọwọ́ mi dilẹ̀: ọbẹ̀ ti jinná, aṣọ tí mo sá ti gbẹ, mo ti ká a. Mo ti lò tó wákàtí kan níbẹ̀ kí obìnrin àdúgbò wa kan tó ń ti oko bọ̀ tó gba iwájú mi kọjá. Ó kí mi, ó ní, "Ẹ kú ìjókòó o, mà." N kò ronú rárá tí mo fi dáhùn: "O ṣé o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ni."

Irọ́ ni mo pa. Obìnrin náà kọjá lọ, irọ́ mi kò bá a lọ. Ó dúró tì mí títí ilẹ̀ fi ṣú, ó bá mi wọlé, ó bá mi sùn, ó tún bá mi jí. Ta ló bi mí ní ìgbà tí mo jókòó? Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ọkọ mi ti dolóògbé, àwọn ọmọ ti kúrò nílé. Kò sí ẹni tí yóò bi mí pé iṣẹ́ dà. Kí ló wá dé tí mo fi ń wí àwíjàre fún ẹni tó kàn kí mi?

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Yorùbá ní Ìkàrẹ́. Mo máa ń sọ fún wọn pé kò sí ipò tí a lè bá ọmọ ènìyàn tí Yorùbá kò ní ìkíni fún. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́. Ẹni tó ń ṣe òde, ẹ kú ìnáwó. Ẹni tí ọyẹ́ ń mú, ẹ kú ọ̀gìnnìtìn. Ẹni tó dúró, ẹ kú ìdúró. Ẹni tó jókòó, ẹ kú ìjókòó. Àwọn baba ńlá wa kò ya ìjókòó sọ́tọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àwọn ọ̀lẹ. Wọ́n kà á mọ́ iṣẹ́, wọ́n kà á mọ́ ìnáwó, wọ́n ní ó tọ́ kí a yẹ́ ẹni tó ń ṣe é sí. Èmi tí mo fi ẹnu ara mi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní èyí, ẹni kan yẹ́ mi sí, mo sá.

Ohun tó jẹ́ kí ó dùn mí ni pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi tí n kò ti ní láti sá dé ni. Ọmọ mi obìnrin bímọ, mo sì lọ bá a wẹ ọmọ ní Peckham, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí Yorùbá pọ̀ sí tó jẹ́ pé iṣu, ẹ̀lùbọ́ àti ata rodo wà lórí àtẹ lẹ́bàá ọ̀nà. Ní ọ̀sán, bí ọmọ bá ti sùn, ọmọ mi á lé mi jáde pé kí n lọ gba atẹ́gùn. Ọgbà ìgbafẹ́ Peckham Rye ni mo máa ń lọ, èyí tí wọ́n ti ṣí fún ará ìlú láti ọdún 1894. Bẹ́ǹṣì onígi wà káàkiri ibẹ̀. Wọ́n kan idẹ pẹlẹbẹ mọ́ ẹ̀yìn àwọn mìíràn, wọ́n sì kọ orúkọ olóògbé kan sí i, pé ó fẹ́ràn láti máa jókòó síbí.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ka irú rẹ̀, mo dìde. Ó ṣe mí bí ẹni pé mo jókòó lé ibojì onílé. Nígbà tó yá ni mo rí i pé ńṣe ni àwọn ọmọ olóògbé fi àga náà tọrẹ, pé kí ẹnikẹ́ni tó bá rẹ̀ gbádùn ohun tí ìyá àwọn gbádùn. Láti ọjọ́ náà, mo yan bẹ́ǹṣì obìnrin kan láàyò. Mo lè lo wákàtí méjì níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò kí mi. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, àìkí yẹn ń ká mi lára bí ebi. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ara mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀ nínú rẹ̀. N kò mọ ìdí rẹ̀ nígbà náà. Mo mọ̀ ọ́n báyìí: ẹni tí wọn kò kí kò ní ohun tí yóò wí àwíjàre lé lórí.

Kí n tó padà wálé, ọmọ mi àti ọkọ rẹ̀ mú mi lọ sí Vienna, ní orílẹ̀-èdè Austria, fún ọjọ́ mẹ́rin. Àwọn ààfin àti ilé orin ibẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ilé kọfí ni ọkàn mi dúró sí. Ní ọdún 2011, Austria kọ àṣà ilé kọfí Vienna sínú ìwé àwọn àṣà ìbílẹ̀ tí orílẹ̀-èdè náà ń dáàbò bò. Bí o bá ra ife kọfí kan ṣoṣo, o lè jókòó tì í títí di alẹ́. Ìwé ìròyìn wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè kà. Wọn yóò gbé kọfí náà wá pẹ̀lú ife omi tútù kan lórí tíréè kékeré. Mo rí àwọn obìnrin bíi tèmi, tí irun wọn ti funfun, tí oníkálukú wọn dá jókòó ti àkàrà òyìnbó rẹ̀, tí wọn kò wo aago, tí ojú wọn kò sì yà sí ẹnu ọ̀nà. Mo sọ fún ọmọ mi pé, "Èyí ni wọ́n ń pè ní fàájì."

Nítorí náà, nígbà tí irọ́ tí mo pa kò jẹ́ kí n sinmi, mo ti mọ ohun tí n ó kọ. Mo fẹ́ kọ̀wé nípa pèpéle. Mo fẹ́ sọ pé àwa náà ní ìjókòó tiwa kí a tó sọ ọ́ nù. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà díẹ̀ rántí pèpéle: amọ̀ tí wọ́n mọ gùn lọ lẹ́bàá ògiri iwájú ilé, tí wọ́n rẹ́ títí ó fi ń dán, tí ẹni tó ń kọjá lọ lè bá onílé jókòó lé láìkan ilẹ̀kùn. Kò sí agboolé tí kò ní in ní Ọ̀kà àti ní Ìkàrẹ́ nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Lónìí, ògiri gíga àti géètì irin ló dojú kọ títì. Mo ti kọ ojú ewé méjì lórí èyí, ó sì ń dùn mọ́ mi, àfi bí mo ṣe fẹ́ dárúkọ àwọn tó máa ń jókòó lórí pèpéle ilé bàbá mi.

Mo dijú, mo ń kà wọ́n. Bàbá mi. Àbúrò rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ wọn méjì tí wọ́n jọ ń ta ayò. Télọ̀ tó wà lódìkejì ọ̀nà. Àwa ọmọdé, tí òṣùpá bá yọ. Mo wá ìyá mi láàárín wọn. Mo wá a ní ìgbà òjò, mo wá a ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo wá a ní ọjọ́ ọdún. N kò rí i. Ẹ̀yìnkùlé ló wà, nídìí ààrò, tàbí lójú ọ̀nà odò.

Orí òkè ni ilé wa wà. Àwọn tó ṣáájú wa kò déédéé kọ́lé sórí àpáta. Ní àwọn ọdún 1800, nígbà tí àwọn jagunjagun Tápà ń kó Àkókó lẹ́rú, òkè ni odi àwọn ènìyàn wa. Ọ̀tá kò lè yọ sí wọn láìjẹ́ pé wọ́n rí i. Òkè gbà wọ́n, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n omi kò bá wọn gòkè. Ìsàlẹ̀ ni omi wà, orí obìnrin ló sì ń gùn wálé. Ogun parí, Tápà padà sílé wọn, obìnrin ṣì ń pọnmi gòkè.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìyá mi ń lọ kí n tó lọ sílé ẹ̀kọ́. Garawa ni tirẹ̀, ìkòkò kékeré ni tèmi, òṣùká lórí àwa méjèèjì. Bí a bá ti gòkè dé ìdajì, níbi tí ọ̀nà ti yí, àpáta kan wà tó ga tó èjìká, tí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹni tó ru omi lè dúró tì í, kí ó rọra sún ẹrù rẹ̀ sórí rẹ̀ láìbẹ ẹnikẹ́ni pé kó wá sọ̀ ọ́. Àpáta mìíràn tó rẹlẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìdí obìnrin ló fọ̀ ọ́ tó fi ń dán. Ibẹ̀ ni ìyá mi máa ń jókòó. Kò ní sọ̀rọ̀. Yóò máa wo ọ̀nà Àkùngbá nísàlẹ̀, yóò fi etí ìró nu ọrùn. Mo mọ ojú ìyá mi nídìí ààrò, mo mọ̀ ọ́n lọ́jà Ìkàrẹ́, ṣùgbọ́n orí àpáta yẹn nìkan ni mo ti rí ojú rẹ̀ tí kò wá ohun kan, tí kò sì dá ẹnikẹ́ni lóhùn.

Kì í pẹ́. Ọkùnrin kan á yọ, tó ń lọ sí oko. Á ní, "Ẹ kú ìjókòó o." Kí ó tó pe "o" náà tán, ìyá mi á ti wà ní ìdúró, òṣùká á ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Á dáhùn pé, "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ni."

Nígbà tí mo rántí èyí, mo ya ojú ewé méjì tí mo ti kọ nípa pèpéle. Gbólóhùn tí mo sọ fún obìnrin àdúgbò mi kì í ṣe tèmi. Mo jogún rẹ̀ bí a ṣe ń jogún aṣọ ìyá. Ìkíni àwọn baba wa dára, ṣùgbọ́n ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò tán rí kò lè gbà á. Létí rẹ̀, "ẹ kú ìjókòó" kì í ṣe ẹ̀yẹ. Ìbéèrè ni: ta ló ń pọnmi nígbà tí o jókòó yìí?

Mo wá rántí ife omi tí wọ́n gbé tì mí ní Vienna. Kọfí ni mo yìn, n kò bèèrè ibi tí omi ti wá. Orí òkè ló ti wá. Kànga àti odò ni ọ̀pọ̀ ará Vienna ń mu tẹ́lẹ̀, táífọ́ọ̀dù sì ń pa wọ́n. Eduard Suess, tí í ṣe onímọ̀ nípa àpáta àti ilẹ̀, ló tẹpẹlẹ mọ́ ọn pé kí wọ́n lọ mú omi láti ìsun tó wà lórí àwọn òkè Alps. Omi náà wọ ìlú ní ọdún 1873. Wọ́n mú èkejì wá ní 1910. Omi yìí kò nílò ẹ̀rọ tí yóò fà á wálé. Òkè ga, ìlú rẹlẹ̀, omi ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá. Ní Lọ́ńdọ̀nù náà, ọdún 1859 ni wọ́n ṣe ẹ̀rọ omi ọ̀fẹ́ àkọ́kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Snow Hill, kí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ lè mu láìsanwó.

N kò sọ pé obìnrin ibẹ̀ kì í ṣiṣẹ́. Ọmọ mi ń ṣiṣẹ́ òru nílé ìwòsàn, mo rí bó ṣe máa ń rẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá délé, ó yí ẹ̀rọ, omi dà. Àwọn obìnrin onírun funfun tí mo rí nílé kọfí kò kọ́ ìfọ̀kànbalẹ̀ nínú ìwé. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti sọ ẹrù lórí àwọn ìyá ìyá wọn. Àga kò ju àga lọ, yálà ti amọ̀ ni tàbí ti igi. Ẹni tí omi ti dé ilé rẹ̀ ló lè jókòó lórí rẹ̀.

Ní Ọ̀kà wa yìí, àwọn Àgùdà máa ń gun Òkè Màríà lọ gbàdúrà, ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà lọ́wọ́. Mo ti bá wọn gun òkè náà rí, mo sì rí ìsinmi níbẹ̀. Ọwọ́ òfo ni mo fi gùn ún. Lówùúrọ̀, bí mo bá wọ ọkọ̀ láti Ọ̀kà gba Àkùngbá lọ sí Ìkàrẹ́, mo ṣì ń rí àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n wọ aṣọ ilé ẹ̀kọ́, tí wọ́n ru kẹ́ẹ̀gì. Ẹni tó lówó ti gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sínú géètì rẹ̀. Ọmọ ẹni tí kò lówó ń kọ́ gbólóhùn ìyá mi lọ́wọ́.

Ọmọ mi pè mí ní oṣù tó kọjá. Ó ní òun fẹ́ fi orúkọ ìyá mi sára bẹ́ǹṣì kan ní Lọ́ńdọ̀nù, pé òun ti ń tọ́jú owó rẹ̀. Mo dúpẹ́, mo sì kọ̀. N kò lè kọ ọ́ sára idẹ pé ó fẹ́ràn láti máa jókòó síbì kan, nítorí a kò fún un láyè kí ó fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tó kú, màlúù méjì la pa. A ran ankara, a gbé olórin wá. Nínú gbogbo àwa ọmọ rẹ̀, kò sí ẹni tó dárúkọ omi.

Mo lọ wo àpáta náà ní ọjọ́ Sátidé. Koríko ti bo ọ̀nà, ṣùgbọ́n àpáta wà níbẹ̀. Mo jókòó sí ibi tí ìyá mi máa ń jókòó, mo ń wo ọ̀nà Àkùngbá. Ọmọkùnrin kan kọjá, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ìjókòó, mà." Mo ní, "O ṣé o, ọmọ mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti jókòó."

Owó bẹ́ǹṣì ti wọlé. Èmi àti àwọn àbúrò mi ti dá tiwa lé e, kànga ẹ̀rọ la fẹ́ fi gbẹ́ sórí òkè, fún àwọn tó ṣì ń gbé ibẹ̀. Ẹ̀yin tí ìyá yín ṣì wà láàyè, ẹ má dúró de màlúù. Ẹ wo orí rẹ̀ lónìí, ẹ bá a sọ ohun tó wà níbẹ̀ kalẹ̀, kí ẹ tó kí i kú ìjókòó.