Ẹ Jẹ́ Kí A Gbọ́ Ọ Tán Ná

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ orin kì í pẹ́ dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé. Bí ó bá jẹ́ orin ijó ni ọmọ ń gbọ́, a mọ ohun tí a ó sọ. Ṣùgbọ́n irú orin kan tún wà tí kò ní ijó, tí kò ní ègbè, tí ènìyàn kò sì lè mọ ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ó lè jẹ́ gbólóhùn kan ṣoṣo tí ẹnì kan ń wí ní àwítúnwí. Ó lè jẹ́ ìró ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ó tilẹ̀ lè jẹ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lásán. Ẹ ó kan ilẹ̀kùn ọmọ, ẹ ó bi í pé, "Kí ni eléyìí?" Òun á ní, "Orin ni, Mọ́mì." Ẹ ó wá dúró sí ẹnu ọ̀nà, ẹ ó máa rò ó bóyá dókítà ni kí ẹ pè ni tàbí pásítọ̀.

Nọ́ọ̀sì ni mí, mo sì tún ń wàásù nínú ìjọ, nítorí náà ọ̀dọ̀ mi ni àwọn kan ń gbé ọ̀rọ̀ náà wá lọ́nà méjèèjì. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ kò pọ̀. Irú orin yìí yẹ lẹ́ni tí à ń fi sùúrù gbọ́, nítorí ó ń kọ́ wa bí a ti ń gbọ́ ohùn ẹni tí gbogbo ayé ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Nọ́ọ̀sì kò gbọdọ̀ ṣe aláìní ẹ̀kọ́ yẹn. Kristẹni náà kò gbọdọ̀ ṣe aláìní rẹ̀.

Experimental music ni òyìnbó ń pè é. Bí mo bá túmọ̀ rẹ̀ sí "orin àdánwò," àwọn àgbà ìjọ yóò rò pé Èṣù ni ó fẹ́ dán wa wò. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ń ṣe orin náà ni ó ń dán nǹkan wò, láìmọ ibi tí yóò já sí, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti dán kale wò nínú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ nígbà tí a kọ́kọ́ dé ilẹ̀ yìí tí a kò rí ṣọkọ rà.

Ọmọ mi obìnrin, tí ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa orin ní yunifásítì, ni ó kọ́kọ́ fi èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú wọn hàn mí. Ní ọdún 1971, Alan Power ń ya fíìmù nípa àwọn tí kò nílé lórí ní Lọ́ńdọ̀nù, ní agbègbè Elephant and Castle àti Waterloo. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ń jẹ́ Gavin Bryars, olórin ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bá a ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Bí wọ́n ti ń ya fíìmù náà, ọtí mú kí àwọn kan bú sí orin. Bàbá arúgbó kan wà láàárín wọn tí kì í mutí. Orin Jésù kúkúrú kan ni òun kọ ní tirẹ̀, láìsí ìlù, láìsí dùùrù. Nígbà tí wọ́n ṣe fíìmù náà tán, wọn kò lo orin bàbá yẹn. Wọ́n kó àwọn téèpù tí ó ṣẹ́kù fún Bryars.

Nígbà tí Bryars dé ilé, ó fi pìánò gbe ohùn bàbá náà, ó sì rí i pé ohùn náà bá pìánò mu. Ó gé apá àkọ́kọ́ nínú orin náà, èyí tí kò tó ìdajì ìṣẹ́jú, ó so orí rẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ kí ó lè máa yí po. Ó gbé e lọ sí Leicester níbi tí ó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà. Bí téèpù náà ti ń yí, ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, ó lọ mu kọfí. Yàrá ńlá tí àwọn ayàwòrán ti ń ṣiṣẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ariwo kì í sì í wọ́n níbẹ̀. Nígbà tí ó padà dé, ibẹ̀ ti pa lọ́lọ́. Àwọn ènìyàn ń rìn jẹ́jẹ́. Àwọn mìíràn dá jókòó, wọ́n ń sunkún.

Láti inú èyí ni ó ti ṣe orin tí a ń pè ní Jesus' Blood Never Failed Me Yet. Ohùn bàbá náà nìkan ni ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́, tí yóò máa yọ bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn gòjé yóò wọlé tẹ̀ lé e, tí àwọn ohun èlò mìíràn yóò sì darapọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò ní bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n gbé e jáde lórí àwo ní ọdún 1975. Èyí tí wọ́n tún ṣe ní ọdún 1993 ju wákàtí kan lọ. Ní ọdún 2019, wọ́n fi wákàtí 12 ṣe é láti alẹ́ mọ́jú ní Tate Modern ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn tí wọ́n ti sùn síta rí sì wà lára àwọn tí ó ṣe é. Bàbá náà ti kú kí ó tó gbọ́ ohun tí wọ́n fi orin rẹ̀ ṣe.

Mo kìlọ̀ fún yín o: láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́, yóò sú yín. Ẹ ó ní, "Ṣé kò mọ ẹsẹ kejì ni?" Ẹ má pa á. Tí ó bá tó bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ibi tí bàbá náà ti mí, ibi tí ohùn rẹ̀ ti wárìrì díẹ̀, ibi tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró tí ó tún tẹ̀ síwájú. Ohun kan náà ni téèpù ń wí, kò yí padà. Ọkàn tiyín ni yóò ti rọ̀.

Bí ẹ bá ní irú àwítúnwí bẹ́ẹ̀ kò sí nínú ìjọsìn, ẹ ṣí Sáàmù 136. Ẹsẹ 26 ni ó ní, ọ̀rọ̀ kan náà sì ni ó parí gbogbo wọn. Ẹ tún ṣí Máàkù orí kẹwàá, níbi tí Bátíméù afọ́jú ti ń ké lẹ́bàá ọ̀nà Jẹ́ríkò. Àwọn èrò ní kí ó panu mọ́. Kò wá ọ̀rọ̀ tuntun sọ. Ohun tí ó ti ń ké tẹ́lẹ̀ náà ni ó tún ké, tí ó sì ké e kíkankíkan. Gbogbo èrò ń lọ, ṣùgbọ́n Jésù dúró.

Ní wọ́ọ̀dù tí mo ti ń ṣiṣẹ́, àwọn àgbàlagbà tí iyè wọn ti ń ra ni ó pọ̀ jù. Mo ti yí díẹ̀ padà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Màmá Yorùbá kan wà lọ́dọ̀ wa nígbà kan tí èdè Gẹ̀ẹ́sì ti pòórá lẹ́nu wọn pátápátá. Bí alẹ́ bá ti lẹ́, igbe Màmá kò ju ẹyọ kan lọ: "Ẹ kó o wọlé, òjò ń bọ̀ o!" Wọ́n lè ké e ní ìgbà ogójì kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó sú àwọn aláìsàn yòókù, ó sú àwọn òṣìṣẹ́. Nínú fáìlì Màmá, ohun tí a kọ síbẹ̀ ni pé wọ́n ń pariwo lóru.

Èmi gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nítorí pé èdè mi ni, ṣùgbọ́n gbígbọ́ èdè nìkan kò tó. Òru méjì ni mo fi ṣọ́ Màmá dáadáa kí n tó ṣàkíyèsí pé igbe náà ní àkókò. Ìgbà tí a bá ń ti kẹ̀kẹ́ oògùn kọjá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ náà a máa kù bí àrá tí ń bọ̀ láti òkèèrè. Mo bi ọmọ wọn obìnrin léèrè. Ó ní èlùbọ́ ni ìyá òun fi ọgbọ̀n ọdún tà nílé, orí àpáta ni wọ́n sì ti ń sá a. Láti ọjọ́ náà, a wá ọ̀nà mìíràn gbé kẹ̀kẹ́ náà gbà lóru. Bí Màmá bá sì ké, mo máa ń dá wọn lóhùn pé, "A ti kó o wọlé, Màmá, omi ò kàn án." Wọn á mí kanlẹ̀, wọn á sùn.

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ pàápàá ní ohùn tirẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 1952, ní Woodstock ní ìpínlẹ̀ New York, David Tudor jókòó sídìí pìánò nínú gbọ̀ngàn kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sí inú igbó. Ó pa ìdérí pìánò náà dé, kò sì tẹ ohunkóhun. John Cage ni ó ṣe orin náà, 4′33″ sì ni orúkọ rẹ̀, nítorí pé ìṣẹ́jú mẹ́rin àti ìṣẹ́jú àáyá 33 ni ó gbà. Inú bí àwọn kan nínú àwọn tí ó wá. Cage ní wọn kò fetí sílẹ̀ ni: afẹ́fẹ́ ń fẹ́ níta, òjò ń kán sórí òrùlé, àwọn ènìyàn fúnra wọn sì ń sọ̀rọ̀ bí wọ́n ti ń jáde. Kí ó tó ṣe orin yìí, ó ti wọ yàrá kan ní Yunifásítì Harvard tí wọ́n kọ́ kí ó lè dákẹ́ rọ́rọ́. Síbẹ̀ ó gbọ́ ìró méjì nínú rẹ̀. Wọ́n sọ fún un pé èyí tí ó rẹlẹ̀ nínú wọn ni ẹ̀jẹ̀ tí ń yí nínú ara rẹ̀.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ mi, ẹ mọ irú gbígbọ́ yìí. Bí a bá gbé ẹ̀rọ lé àyà aláìsàn, a máa ń bẹ àwọn ará ilé pé kí wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Èlíjà náà mọ̀ ọ́n lórí Òkè Hórébù, nígbà tí ìjì, ìmìtìtì ilẹ̀ àti iná ti kọjá lọ. Ṣùgbọ́n nínú ìjọ wa, bí olùdarí ìsìn bá ní kí a dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan péré, ẹnì kan á ti dá orin kí ìṣẹ́jú náà tó pé.

Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, ìyá kan mú ọmọkùnrin rẹ̀, ọmọ ọdún 16, wá bá mi lẹ́yìn ìsìn. "Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi bá ọmọ yìí sọ̀rọ̀. Ó ń fi àdúrà mi ṣe yẹ̀yẹ́." Aago márùn-ún ìdájí ni ìyá náà máa ń gbàdúrà kí ó tó lọ síbi iṣẹ́. Ọmọ yìí ti gbé fóònù sí ara ògiri, ó ti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó gé díẹ̀ nínú rẹ̀, ó sì fi kọ̀ǹpútà sọ ọ́ di méjì tí wọ́n ń sá tẹ̀ lé ara wọn. Ìyá rẹ̀ ṣèèṣì gbọ́ ọ. Ẹ̀rù bà á bí ẹni tí iwin ń sín jẹ.

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ọ tán ná." Ìyá náà kò jókòó, ẹnu ọ̀nà ni ó dúró sí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àdúrà ni, ó yéni yékéyéké. Bí ohùn méjèèjì ti ń jìnnà síra wọn, ọ̀rọ̀ náà ń fọ́, títí tí ó fi ku ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tí ń lọ tí ń bọ̀. Orúkọ ọmọ náà ni. Ọmọ náà kò gbójú sókè. Ó ní, "Mọ́mì, ohun tí mo máa ń gbọ́ lójú oorun nìyẹn láti kékeré." Ìyá rẹ̀ wá jókòó.

Kò sọ pé ó dára o. Ó ní, "Má fi han ẹnikẹ́ni níta. Àárín èmi àti Ọlọ́run mi ni." Mo sì gbè é lẹ́yìn, nítorí ẹni tí ó ni ohùn ni a ń tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ní ilé ìwòsàn, a kì í gba ohùn aláìsàn sílẹ̀ láìgba àyè. Ọmọ náà tọrọ àforíjì, ó gbà. Bí wọ́n ti ń lọ, mo gbọ́ tí ìyá náà ń sọ fún un pé kí ó fi í ránṣẹ́ sórí fóònù òun.

Ọmọ náà kò mọ̀ pé ẹnì kan ti rin ọ̀nà yẹn ṣáájú òun. Ní ọdún 1964, Steve Reich gba ohùn oníwàásù Pẹntikọ́stì kan tí wọ́n ń pè ní Brother Walter sílẹ̀ ní Union Square ní San Francisco, bí ó ti ń wàásù nípa Nóà àti ìkún omi. Ní ọdún 1965 ó fi ẹ̀rọ téèpù méjì sọ ọ́ di orin It's Gonna Rain, tí ohùn kan náà ń sá kúrò lára ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní ọdún 1970, Reich lọ kọ́ ìlù àwọn Ewe ní Yunifásítì ti Ghana ní Legon. Lẹ́yìn tí ó padà sílé ni ó ṣe Drumming. Kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu. Nínú agbo dùndún, omele ń wí ohun kan náà láti ìrọ̀lẹ́ mọ́jú kí ìyáàlù lè rí àyè sọ̀rọ̀, a kì í sì í sọ pé ó sú wa. Akin Euba tiwa, tí wọ́n bí ní Èkó ní ọdún 1935, tilẹ̀ kọ orin fún pìánò kí ó lè máa dún bí àwọn ìlù àti ohun èlò ilẹ̀ wa.

N kò sọ pé gbogbo irú orin yìí ni ó dára. Òmíràn ṣófo. Òmíràn ní ọ̀rọ̀ tí kò yẹ ká gbọ́ nínú ilé. Ṣùgbọ́n Pọ́ọ̀lù kọ ọ́ sí àwọn ará Tẹsalóníkà pé kí wọ́n dán ohun gbogbo wò kí wọ́n sì di èyí tí ó dára mú. Kò ní kí wọ́n sá fún ohun tí kò tíì yé wọn. A kò sì lè dán ohun tí a kò gbọ́ tán wò.

Nítorí náà, ẹ gbìyànjú èyí ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ ní kí ọmọ yín yan orin kan tí kò yé yín. Ẹ gbé fóònù yín sí yàrá mìíràn. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ gbọ́ ọ dé òpin láìsọ̀rọ̀, láìmi orí. Lẹ́yìn náà, ìbéèrè kan péré ni kí ẹ bi í: "Kí ni ìwọ gbọ́ níbẹ̀?" Kí ẹ sì jẹ́ kí ó dáhùn tán. Ìdáhùn náà lè má jẹ mọ́ orin rárá.

Kí Olúwa fún wa ní etí tí ń dúró gbọ́. Àmín.