Àbàwọ́n Tí Ojú Rí àti Àbàwọ́n Tí Ojú Kò Rí

Bí obìnrin bá ń wé gèlè, tí dígí tó ń wò bá ní àbàwọ́n, ọkàn rẹ̀ kò ní í balẹ̀. Yóò nù ún. Bí kò bá lọ, yóò sún ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bóyá ìdí nìyẹn tí gbogbo wa fi gbà pé dígí tó bá ti lábàwọ́n ti bàjẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n dígí kan wà tí òfin yìí kò mú, òun ni mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Dígí náà ni èyí tó wà nídìí tẹlisíkóòpù, awò gígùn tí a fi ń wo òṣùpá àti ìràwọ̀.

Ọ̀kan wà ní ilé-ẹ̀kọ́ wa ní agbègbè Ìkọ̀lé-Èkìtì. Ẹnì kan tó ti jáde níbẹ̀ tipẹ́ ló fi ránṣẹ́ láti òkè òkun. Ó dà bí páìpù ńlá tí ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Dígí rẹ̀ wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, àárín rẹ̀ jìn díẹ̀ bí àwo, fífẹ̀ rẹ̀ láti etí kan dé ìkejì sì jẹ́ mìlímítà 114. Ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ a gba ẹnu páìpù wọlé, a bá dígí, dígí a dá a padà sókè, a sì kó o jọ sójú kan. Dígí kékeré kan tó dúró láàárín, nítòsí ẹnu páìpù, a wá darí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, níbi tí a ń gbé ojú sí. Isaac Newton, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ tó ṣiṣẹ́, ní ọdún 1668.

Nígbà tí mo wọ ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì, inú yàrá ìkẹ́rùsí ni awò wa wà, ìdérí ẹnu rẹ̀ sì ti sọnù. Ẹni tó bá mọ àríwá Èkìtì mọ ohun tí ọyẹ́ ń ṣe níbẹ̀. Eruku tí afẹ́fẹ́ ń gbé láti aṣálẹ̀ Sàhárà kì í bi ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Ọyẹ́ bíi mélòó kan ti fẹ́ lé dígí náà lórí. Ọmọ́ńlé pẹ̀lú ti yàgbẹ́ sí i. Nígbà tí a tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ojú rẹ̀ dà bí ojú tí irorẹ́ bò.

Ọ̀rọ̀ náà dé ìpàdé òbí àti olùkọ́, nítorí pé wọ́n fẹ́ kó yàrá náà. Bàbá kan ní kí a tà á fún àwọn tó ń ti ọmọlanke kiri ra irin àlòkù, kí a fi owó rẹ̀ ra ṣọ́ọ̀kì. Ìyá kan ní, "Ẹ gbé e fún mi. Eérú àti kànìnkànìn ni mo fi ń fọ ìkòkò mi. Ẹ wá wo bó ṣe ń dán!" Inú rere ni àwọn méjèèjì fi sọ̀rọ̀. Olùkọ́ físíìsì wa dìde, ó kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní, "Ẹ̀yin òbí wa, ẹ jọ̀ọ́, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹ fún wa ní ọ̀sẹ̀ méjì péré." Wọ́n fún wa. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́, nítorí náà ọwọ́ mi ni ìwé àkọsílẹ̀ wà.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo kọ sínú rẹ̀ ni ìdí tí eérú kò fi gbọdọ̀ kan dígí yẹn. Ẹ̀yìn gíláàsì ni ohun tó ń dán wà nínú dígí ilé wa, gíláàsì náà ló sì ń dáàbò bò ó. Ṣùgbọ́n ti tẹlisíkóòpù, iwájú ló wà, kí ìmọ́lẹ̀ má baà la gíláàsì kọjá kó sì di àwòrán méjì. Awọ alumíníọ̀mù kan ni, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi máa to nǹkan bí 1,000 irú rẹ̀ léra kó tó nípọn tó bébà kan ṣoṣo. Eérú tó ń mú ìkòkò dán, híha ló ń ha á. Ìkòkò nípọn, ó lè fara dà á. Awọ yìí kò lè fara dà á lẹ́ẹ̀kan péré.

Lẹ́yìn èyí, a ṣe ìṣirò. Àbàwọ́n ńlá 10 ni a kà, èyí tó tóbi jù nínú wọn kò sì fẹ̀ ju mìlímítà 3 lọ. Ìlọ́po 3 lọ́nà 3 jẹ́ 9. Ìlọ́po 114 lọ́nà 114 jẹ́ 12,996. Nítorí náà, àbàwọ́n kan kò gba ìdá 1 nínú 1,000 ojú dígí náà, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá pa pọ̀ kò sì gba ìdá 1 nínú 100. Ẹ wá wo dígí kékeré tí àwọn tó ṣe awò náà fúnra wọn gbé sí ẹnu rẹ̀. Fífẹ̀ rẹ̀ tó mìlímítà 30, òun nìkan sì ń dí nǹkan bí ìdá 7 nínú 100. Ohun tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi dí i ju àbàwọ́n tí à ń pariwo lé lórí lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá.

Ìṣirò kì í tètè yé gbogbo ènìyàn, nítorí náà a fi ojú rí i. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí òṣùpá yọ, a gbé awò náà sí pápá, a sì pe ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ wa. Bí wọ́n ti ń wo òṣùpá lọ́wọ́, olùkọ́ wa fi páálí tó fẹ̀ tó ìka méjì dábùú ẹnu páìpù. Ó bi wọ́n léèrè pé, "Mà, apá ibo nínú òṣùpá ni ẹ kò rí mọ́?" Wọ́n wò ó títí. Òṣùpá pé pérépéré, ó kàn ṣókùnkùn díẹ̀ ni. Ìdí ni pé gbogbo ibi tó wà lójú dígí ló ń gba ìmọ́lẹ̀ gbogbo òṣùpá. Bí a bá dí ibì kan, ìyókù ń ṣe iṣẹ́ náà lọ.

Ohun tí ojú wa rí ní pápá yẹn ti ṣẹlẹ̀ sí awò tó tóbi ju tiwa lọ fíìfíì. Ní ilé ìworàwọ̀ McDonald ní ìpínlẹ̀ Texas, ní Amẹ́ríkà, dígí kan wà tí fífẹ̀ rẹ̀ tó mítà 2.7. Ní oṣù Kejì ọdún 1970, òṣìṣẹ́ kan tí ọpọlọ rẹ̀ dàrú gbé ìbọn síbẹ̀, ó sì yìn ín lu dígí náà ní ẹ̀ẹ̀meje. Dígí náà kò fọ́. Wọ́n kun ojú ihò náà ní dúdú, awò náà sì ń bá iṣẹ́ lọ. Ìmọ́lẹ̀ tó pàdánù kò ju nǹkan bí ìdá 1 nínú 100 lọ.

Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí Hubble, awò tí wọ́n gbé lọ sí òfúrufú ní oṣù Kẹrin ọdún 1990. Dígí yẹn ń dán gbinrin, kò sí tóótòòtó kan lójú rẹ̀. Síbẹ̀ àwòrán àkọ́kọ́ tó fi ránṣẹ́ ṣú bàìbàì. Wọ́n ti fá etí rẹ̀ jù bó ṣe yẹ lọ. Bí a bá pín ìnípọn irun orí kan sọ́nà 50, nǹkan bí ọ̀kan nínú rẹ̀ ni àṣìṣe náà. Ó di oṣù Kejìlá ọdún 1993 kí àwọn arìnrìn-àjò òfúrufú tó lọ bá a lókè láti tún un ṣe, bí ìgbà tí a fún ẹni tí ojú ń dùn ní awò ojú. Èyí tí ìbọn bà ń ríran, èyí tí kò lábàwọ́n kò ríran. Èyí tó wà lójú dígí, gbogbo ènìyàn ló ń rí i. Èyí tó wà nínú bí a ṣe gbẹ́ ẹ ló ń ba iṣẹ́ jẹ́.

Èyí kò ní kí a fi dígí sílẹ̀ fún ọmọ́ńlé o. Eruku tó bá nípọn ń tú ìmọ́lẹ̀ ká, àwòrán a sì rẹ̀. Ìgbẹ́ ọmọ́ńlé burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ó lè jẹ awọ dígí náà. Nítorí náà, a ní láti fọ̀ ọ́. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. A bọ́ òrùka àti aago ọwọ́. A tú dígí náà kúrò nídìí páìpù. A kọ́kọ́ fi omi tútù tó mọ́ ṣàn án, kí erùpẹ̀ tó lè ha á lọ. A rẹ ẹ́ sínú omi tí a kán ọṣẹ olómi sí, títí ìgbẹ́ náà fi rọ̀. A wá fa òwú tútù kọjá lórí rẹ̀ láìtẹ̀ ẹ́. Òwú tó bá ti kọjá lẹ́ẹ̀kan, a ó sọ ọ́ nù, a ó mú òmíràn. Omi tí kò ní iyọ̀ kankan nínú, èyí tí wọ́n ń rọ sí bátìrì mọ́tò, ni a fi ṣàn án kẹ́yìn. Omi ni mo wí o, kì í ṣe ásíìdì. A gbé e dúró lórí etí rẹ̀ títí ó fi gbẹ. Nígbà tí a dá a padà, a lo ìrọ̀lẹ́ kan gbáko láti yí àwọn ìdè ìdí rẹ̀ kí dígí méjèèjì lè kọjú síra.

Àbàwọ́n méje lọ. Mẹ́ta kò lọ, nítorí pé awọ ibẹ̀ ti ṣí, gíláàsì lásán ló kù. A fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, a pe àwọn òbí ní alẹ́. A kọjú awò sí Júpítà, wọ́n sì tò láti wo òṣùpá mẹ́rin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn tí Galileo rí ní ọdún 1610. Ìyá tó ní kí a gbé dígí fún òun pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ ju gbogbo wọn lọ, àwọn tó wà lẹ́yìn ti ń kùn. Wọ́n ní, "Ẹ má bínú, ọmọ mi. Mo ń wá àbàwọ́n mẹ́ta yẹn ni, n kò rí i." Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ ọmọlanke. Bàbá tó fẹ́ ra ṣọ́ọ̀kì ló ra ike tí a fi ṣe ìdérí ẹnu awò náà.

Mo mọ̀ pé yàrá ìkẹ́rùsí pọ̀ ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa, níbi tí irinṣẹ́ ti ń gba eruku, tí a ti kọ "ó ti bàjẹ́" sí i lára láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ jẹ́ kí a máa bi ara wa ní ìbéèrè méjì kí a tó tà wọ́n: iṣẹ́ wo ni nǹkan yìí ń ṣe, ṣé àbàwọ́n yìí ló sì ń dí i lọ́wọ́? Ní tiwa, àbàwọ́n mẹ́ta ni mo kọ sínú ìwé àkọsílẹ̀, mo sì ya àwòrán ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà. Ní ìparí táàmù kọ̀ọ̀kan, a ó tún kà wọ́n. Bí wọn kò bá ti pọ̀ sí i, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan dígí náà.