Iṣẹ́ Tí Mo Pè Ní Eré

Ọdún márùn-ún ni ọkọ mi kò fi bá ọmọ wa ọkùnrin sọ ju "Ṣé àlàáfíà ni?" lọ lórí fóònù. Bí ọmọ bá ti dáhùn, bàbá rẹ̀ á gbé fóònù fún mi, á gba ẹ̀yìnkùlé lọ.

Kí ni ọmọ ṣe? Ó gboyè nínú ìmọ̀ ìṣirò owó ní yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, ó wá ní òun ò ní fi ṣiṣẹ́. Ó ní akọ́nimọ̀ọ́gbá lòun fẹ́ jẹ́. Kì í tún ṣe bọ́ọ̀lù tí gbogbo wa mọ̀. Bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà ni, èyí tí ẹnu rẹ̀ ṣe ṣóńṣó lọ́tùn-ún lósì, tí wọ́n ń gbé mọ́ àyà sáré, tí wọ́n ń dé akoto gbá.

Èmi náà bínú. Télọ̀ ni mí ní Abẹ́òkúta. Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ lowó tí a fi rán an lọ ti wá. Mo máa ń sọ fáwọn oníbàárà mi pé, "Mo fi owó aṣọ rán ọmọ níléèwé, eré ló lọ ń ṣe."

Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bímọ ní oṣù kẹsàn-án, mo lọ bá wọn wẹ ọmọ. Ibẹ̀ ni mo ti fojú ara mi rí i. Aago márùn-ún ìdájí lọmọ mi ń jáde. Aago mọ́kànlá alẹ́ ló ń wọlé. Wọ́n á gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Sátidé. Tó bá di Sunday, wọ́n á jókòó síwájú fídíò, wọ́n á máa wá àṣìṣe àná.

Mo bi í lálẹ́ ọjọ́ kan pé, "Kí lẹ ń ṣe níbẹ̀ gan-an?"

Ó ní, "Màámi, bí ẹ ṣe ń gba ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ náà ni."

Ó ní ọdún méjì lòun kọ́kọ́ fi ṣe ìránṣẹ́ fáwọn kóòṣì, tóun sì ń kàwé fún oyè másítà. Iléèwé ń san owó ẹ̀kọ́ òun, wọ́n sì ń fún òun ní owó táṣẹ́rẹ́. Òun ló ń gé fídíò, òun ló ń ya bí ẹgbẹ́ alátakò ṣe ń tò sórí pápá. Lẹ́yìn náà, ó lo ọdún kan níléèwé mìíràn, tó ń ṣàyẹ̀wò ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀, tí kò sì láṣẹ láti kọ́ ẹnikẹ́ni lórí pápá. Iléèwé kẹta ló ti wá di igbákejì kóòṣì, tó ń kọ́ kìkì àwọn tó ń sáré gba bọ́ọ̀lù mú. Lókè rẹ̀ lẹni tó ń darí ìkọlù àtẹni tó ń darí ìdáàbòbò wà. Ọ̀gá pátápátá ló wá wà lókè gbogbo wọn.

Àwọn igbákejì yìí kan náà ló ń lọ láti ilé dé ilé, tí wọ́n ń bẹ ìyá àti bàbá àwọn ọmọ girama pé kí wọ́n fi ọmọ síkàáwọ́ àwọn.

Ó sọ fún mi pé báyìí ni Nick Saban ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Kent State lọ́dún 1973. Kirby Smart sin Saban yìí ní Alabama láti 2007 títí di 2015 kó tó di ọ̀gá ní Georgia, ó sì gba ife-ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè ní sáà 2021 àti 2022. Ó ní pápá Yunifásítì Michigan ń gba èèyàn tó lé ní 107,000. Ti Abuja tí a fi ń yangàn, nǹkan bí 60,000 ni.

Ní ìparí oṣù kọkànlá, wọ́n lé ọ̀gá rẹ̀. Bí ọ̀gá bá lọ nídìí iṣẹ́ yìí, àwọn igbákejì rẹ̀ sábà máa ń bá a lọ ni. Ọmọ ò tíì pé oṣù mẹ́ta. Ìyàwó rẹ̀ ń sunkún ní kíṣìnì.

Ọmọ mi wá bá mi, ó ní, "Màámi, bí ẹ bá ní kí n fi í sílẹ̀, màá fi í sílẹ̀."

Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń gbàdúrà fún láti ọdún márùn-ún nìyẹn. Ó dé, ẹnu mi ò gbà á.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mẹ́ta nínú àwọn ọmọ tó ń kọ́ ti wá kan ilẹ̀kùn. Wọ́n ga débi pé wọ́n ń tẹrí ba wọlé. Ọ̀kan ń sunkún. Ó ní òun ò ní bàbá, pé kóòṣì ló kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń so táì. Ọmọ mi tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń rẹ̀ wọ́n lẹ́kún. Mo rántí ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́. Mo gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo pọn ọmọ rẹ̀, kó tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan sísọ́ọ̀sì. Ta ló pè é léré?

Mo ní, "Mi ò ní sọ pé kí o fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ kì í ṣe ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Òun ni kí o lọ bi."

Ó sọ ìtàn Dabo Swinney fún un: iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Alabama, ó fi ọdún méjì ṣiṣẹ́ ilé àti ilẹ̀, ó padà sídìí bọ́ọ̀lù ní Clemson ní 2003, ó di ọ̀gá níbẹ̀ ní 2008, ó sì gba ife-ẹ̀yẹ ní sáà 2016 àti 2018.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ìtàn ẹni tó padà nìyẹn. Mélòó ni kò padà?"

Ọmọ mi ò rí èsì fọ̀. Àdéhùn tí wọ́n jọ ṣe ni pé àwọn á tún kó lọ, ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti bẹ̀rẹ̀ iléèwé, ibi tó bá bá wọn ni wọ́n máa dúró sí, ìbáà jẹ́ nídìí bọ́ọ̀lù, ìbáà jẹ́ nídìí ìṣirò owó.

Ní oṣù kìíní, iléèwé kékeré kan gbà á, níbi tó jìnnà, lówó tí kò tó ti tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo bá wọn di àwo sínú páálí.

Nígbà tí mo délé, ọkọ mi jẹ́ kí n jẹun tán. Ó wá ní, "Ṣé ó ti ríṣẹ́?"

Mo ní, "Bàá mi, ẹ pè é."

Ó mú fóònù, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Ilẹ̀ ṣú, kò tíì wọlé.