Ohun tó ń pa kílọ́ọ̀ṣì dánfó láàárín Oṣòdì sí Ìsọlọ̀ ree, àti bí wọ́n ṣe ń dá a mọ̀

Òórùn kan wà tí àwọn tó ń wọkọ̀ l'Oṣòdì mọ̀ dáadáa, bí wọn ò tilẹ̀ mọ orúkọ ẹ̀. Kì í ṣe òórùn ẹja yíyan, kì í ṣe ti gọ́tà, kì í sì í ṣe ti igbó tí àwọn ọmọ àdúgbò ń fà lábẹ́ bíríìjì. Ó dà bíi ti páálí àti rọ́bà tí wọ́n jọ dáná sun pọ̀, abẹ́ ìjókòó ló sì máa ń gbà wọlé nígbà tí ọkọ̀ bá ń rọ́ lọ díẹ̀díẹ̀ nínú gósílò. Àwọn èrò á fọwọ́ bo imú, ẹnì kan á ní, "Dẹ́rẹ́bà, kí ló ń jóná?" Dẹ́rẹ́bà ò ní í dáhùn. Ó mọ̀ pé kílọ́ọ̀ṣì òun ni, ó sì ti ń ṣírò owó ẹ̀ nínú ara ẹ̀.

Oṣòdì ayé àtijọ́ kọ́ ló wà níbẹ̀ mọ́ o. Lóṣù kìn-ín-ní ọdún 2009 ni ìjọba Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá kó katakata lọ síbẹ̀, tí wọ́n wó àwọn ṣọ́ọ̀bù àti àtẹ tó ti dí títì pa. Lóṣù kìn-ín-ní ọdún 2016, lásìkò Gómìnà Akínwùnmí Ambọ̀dé, wọ́n tún wó ọjà Owónifáàrí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ́ gáréèjì ńlá mẹ́ta síbẹ̀, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari wáá ṣí lóṣù kẹrin ọdún 2019. Lọ́dún 2024, rélùweè Red Line tí ìjọba Èkó ṣe náà bẹ̀rẹ̀ sí í dúró l'Oṣòdì. Gbogbo ẹ̀ dáa, kò sẹ́ni tó máa sọ pé kò dáa. Ṣùgbọ́n dánfó ò tíì kúrò níbẹ̀, gósílò náà ò sì tíì tán.

Ẹni tó bá fẹ́ẹ́ rí bí kílọ́ọ̀ṣì ṣe ń kú, kó wọ dánfó láti Oṣòdì lọ sí Cele láàárọ̀ Mọ́ńdè. Ọ̀nà náà ò jìn rárá. Toyota, Five Star, Ìyànà-Ìsọlọ̀, Ìlasàmàjà, Cele, ó parí. Ṣùgbọ́n kí kọ̀ndọ́kítọ̀ tó pariwo "Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!" tán, ẹsẹ̀ òsì dẹ́rẹ́bà ti wà lórí kílọ́ọ̀ṣì, ibẹ̀ ló sì máa wà. Kì í tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀ tán, kì í sì í fi í sílẹ̀ tán. Ó fẹ́ kí ọkọ̀ máa rìn bí ìgbín, kí ọkọ̀ míì má baà ráyè wọ iwájú òun. Èrò á ní "Ó wà o!", kò ní í dúró pátápátá, á kàn dẹ ọkọ̀ lọ́wọ́ díẹ̀ kí onítọ̀hún lè bẹ́ sílẹ̀. Bó bá dé orí bíríìjì tí àwọn tó wà níwájú dúró, dípò kó fa hándì-bíréékì, kílọ́ọ̀ṣì náà ló máa fi gbé ọkọ̀ dúró lórí òkè kó má baà yí padà sẹ́yìn. Hándì-bíréékì ọ̀pọ̀ dánfó ti kú tipẹ́, kò sì sẹ́ni tó rántí ọjọ́ tó kú.

Kílọ́ọ̀ṣì yìí dà bí àtẹ́lẹwọ́ méjì tó di abọ́ kan mú láàárín. Àtẹ́lẹwọ́ kan ni fulaiwíìlì, irin róbótó tó ń bá ẹ́ńjìnnì yí. Ìkejì ni pẹrẹ́ṣọ̀-pléètì, tí sípíríìnì ń tì láti ẹ̀yìn. Díìsì ni abọ́ yẹn, òun ló ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì wọ inú jíábọ́ọ̀sì, láínìn sì wà lára ẹ̀ bó ṣe wà lára bíréékì. Bí dẹ́rẹ́bà bá tẹ pẹ́dà, àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì á là, díìsì á dá wà, jíà á wọlé. Bó bá gbẹ́sẹ̀ kúrò, wọ́n á dì í mú padà. Àárín méjèèjì ni ewu wà, nígbà tí wọn ò dì í mú tán tí wọn ò sì fi í sílẹ̀. Irin á máa ha láínìn, ooru á máa jáde, láínìn á sì máa di lẹ́búlẹ́bú.

Nǹkan kan náà ló ń pa kílọ́ọ̀ṣì àwọn mọ́tò olówó ńlá tí àwọn òyìnbó fi ń sáré ìje, bíi ti Silverstone nílùú ọba tàbí Nürburgring ní Jámánì, níbi tí ọ̀nà kan ṣoṣo ti ju kìlómítà 20 lọ kó tó yí po. Kìkì pé tiwọn kì í pẹ́ jóná: wọ́n á jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ké rara, wọ́n á wáá ṣàdédé gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà. Ti Oṣòdì, jẹ́jẹ́ ló ń jó, láti àárọ̀ dalẹ́. Ká sòótọ́, kílọ́ọ̀ṣì dánfó ń jìyà ju tiwọn lọ. Àwọn tó ń wa ọkọ̀ Formula 1 kì í fi bẹ́ẹ̀ lo kílọ́ọ̀ṣì ju ìgbà tí ìje bá fẹ́ẹ́ bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí wọ́n bá yà wáá pààrọ̀ táyà, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń fà á. Awakọ̀ dánfó ti tẹ tiẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ kó tó kúrò lábẹ́ bíríìjì Oṣòdì.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ fún awakọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kọ́ ló ni ọkọ̀ tí wọ́n ń wà. Iye kan wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ jíṣẹ́ fún ọlọ́kọ̀ lójoojúmọ́, owó epo wà lọ́tọ̀, owó agbèrò wà lọ́tọ̀, ti kọ̀ndọ́kítọ̀ náà wà lọ́tọ̀. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá sùn sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, gbèsè ni. Bó bá sì jókòó síbẹ̀ pẹ́, ọlọ́kọ̀ lè gbà á kó gbé e fún ẹlòmíì. Látìgbà tí wọ́n sì ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023, tí lítà epo tí kò tó 200 náírà l'Ékòó fi fò sókè sí nǹkan bíi 500 lẹ́ẹ̀kan náà, tó sì tún gorí ìyẹn lọ lẹ́yìn ìgbà náà, kílọ́ọ̀ṣì tó ń yọ̀ ti di olè inú ilé. Ẹ́ńjìnnì á máa ké, epo á máa lọ, ọkọ̀ ò ní í sáré tó bó ṣe yẹ.

Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí wọ́n mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ kí wọ́n tó tú u palẹ̀. Nínú àwọn Volkswagen àtijọ́ tí wọ́n fi ń ṣe dánfó, ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì wà, wọ́n sì máa sọ ẹ́ńjìnnì tàbí jíábọ́ọ̀sì kalẹ̀ kí wọ́n tó fojú kan díìsì. Ọjọ́ kan gbáko lè bá a lọ. Bẹ́ẹ̀ àwọn mẹkáníìkì kan wà, bí jíà ò bá ti wọlé báyìí, "Jíábọ́ọ̀sì ti lọ" ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, jíábọ́ọ̀sì ò mọ nǹkan kan níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú un bí ẹni pé awakọ̀ kan dé Ìyànà-Ìsọlọ̀ lọ́sàn-án gangan, lẹ́yìn wákàtí méjì nínú gósílò, ni jíà bá kọ̀ tí kò wọlé, pàápàá rìfáàsì, irin sì ń han gooro. Kó kọ́kọ́ pa ẹ́ńjìnnì. Bí gbogbo jíà bá ń wọlé wẹ́rẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì kú, tí wọ́n tún kọ̀ nígbà tó tan án padà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé kílọ́ọ̀ṣì ni kò là. Jíábọ́ọ̀sì kọ́. Kó wáá tẹ pẹ́dà ní àtẹ̀tẹ̀, bí ẹni ń fún afẹ́fẹ́ sí táyà kẹ̀kẹ́. Bí pẹ́dà bá gbéra tó sì le, tí jíà wọlé, ó lè jẹ́ afẹ́fẹ́ ló kó sínú òróró ẹ̀, tàbí kó jẹ́ pé rọ́bà inú sìlíńdà ló ti jẹ. Kó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ pẹ́dà, kó sì wo ara sìlíńdà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíábọ́ọ̀sì. Bí ibẹ̀ bá tutù, òróró ń jò nìyẹn. Àtúnṣe ẹ̀ ò tó ìdá kan nínú owó jíábọ́ọ̀sì tí wọ́n fẹ́ẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹ̀.

Àwọn Volkswagen tó ti pẹ́ gan-an ò lo òróró, wáyà ni tiwọn, ó gba abẹ́ ọkọ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Àwọn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe lọ́dún 1979 ló wá ń lo òróró. Bí wáyà bá fà jù, pẹ́dà ò ní í ní àyè kankan lókè, àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ò sì ní í lè di díìsì mú dáadáa, á máa yọ̀. Sípánà kan péré ló ń tún ìyẹn ṣe. Bó bá dẹ̀ jù, jíà ò ní í fẹ́ẹ́ wọlé.

Ti òróró yìí ní wàhálà kan tí kò yé ọ̀pọ̀ èèyàn. Òróró bíréékì kan náà ni wọ́n ń bù sí i, ó sì máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Èyí tí wọ́n ń pè ní DOT 3, bó bá ṣì jẹ́ tuntun, kò yẹ kó hó títí ooru á fi dé 205 sẹ́ńtígíréèdì. DOT 4 gbọ́dọ̀ dé 230. Àmọ́ bí omi bá ti wọ inú wọn, DOT 3 lè hó ní nǹkan bíi 140, DOT 4 ní 155. Ẹ sì mọ bí afẹ́fẹ́ Èkó ṣe máa ń rin gbingbin. Bí òróró bá hó nínú páìpù, pẹ́dà á kàn wọlẹ̀ pọ̀ọ́, kò ní í lágbára. Bí ọkọ̀ bá sinmi tó tutù, á padà bọ̀ sípò bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é rí. Ohun tó máa ń ya àwọn onímọ́tò ìje lẹ́nu náà nìyẹn: lójú ìje, kílọ́ọ̀ṣì kú, nígbà tí wọ́n gbé e délé, ó jí. Kí wọ́n fa òróró àtijọ́ dànù, kí wọ́n rọ tuntun sí i, kí wọ́n sì lé afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ jáde kí wọ́n tó dárúkọ díìsì.

Ti kílọ́ọ̀ṣì tó ń yọ̀ yàtọ̀. Jíà ń wọlé dáadáa, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ń gun òkè tàbí tí èrò kún un, ẹ́ńjìnnì á ké sókè, ọkọ̀ ò ní í tẹ̀ lé e. Kí wọ́n gbé e sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú tí kò sẹ́ni níwájú ẹ̀, kí wọ́n fa hándì-bíréékì, kí ẹsẹ̀ ọ̀tún sì wà lórí bíréékì. Jíà kẹta ni kí wọ́n kì í sí, kí wọ́n wáá máa gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú lójú ẹsẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì ń dì mú. Bó bá ń ṣiṣẹ́ lọ bí ẹni tí kò gbọ́, ó ń yọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ti tó, torí àyẹ̀wò yìí fúnra ẹ̀ ń jó láínìn. Kí wọ́n má sì ṣe é nígbà tí òórùn yẹn ṣì ń jáde. Kílọ́ọ̀ṣì tó gbóná gan-an lè yọ̀, kó tún dì mú bó bá tutù. Èyí tó bá tutù tán tó ṣì ń yọ̀, tí wáyà ẹ̀ sì ní àyè tó yẹ, kò sí àwáwí fún un mọ́.

Ariwo náà ń sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n tẹ pẹ́dà ni nǹkan ń dún, bẹ́árìn kílọ́ọ̀ṣì ni wọ́n máa fura sí. Bó bá jẹ́ pé títẹ̀ ẹ́ ló pa ariwo náà, inú jíábọ́ọ̀sì ni kí wọ́n yẹ̀ wò. Bí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n jìgìjìgì nígbà tó fẹ́ẹ́ gbéra, ó lè jẹ́ pé òróró ẹ́ńjìnnì ti jò sórí díìsì láti ara síìlì ẹ̀yìn. Ẹni tó bá fi díìsì tuntun sí i tí kò pààrọ̀ síìlì yẹn, ó kàn fi owó ẹ̀ bọ òróró ni.

Bó bá wáá di pé wọ́n máa ra díìsì, Ládípò ni ọ̀pọ̀ ń lọ. Ìjọba ìbílẹ̀ Muṣin ni ọjà náà wà, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ títì Oṣòdì sí Apápá yìí náà ni, nítòsí Toyota. Kí wọ́n gbé díìsì àtijọ́ dání, kí wọ́n fi wé èyí tí wọ́n fẹ́ẹ́ rà ní fífẹ̀, kí wọ́n sì ka eyín àárín ẹ̀. Bó bá jẹ́ tòkúnbọ̀, kí wọ́n wo bí láínìn ṣe ga ju ojú ríbẹ́ẹ̀tì lọ, kí wọ́n gbọ́ òórùn ẹ̀, kí wọ́n sì mi sípíríìnì àárín ẹ̀ wò. Pẹrẹ́ṣọ̀-pléètì tí ojú ẹ̀ bá ti pọ́n dúdú bíi aró ní àmì-àmì, iná ti jẹ ẹ́ rí, kí wọ́n fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Inú páálí tuntun kọ́ ni kí wọ́n máa wò, torí ayédèrú náà máa ń wọ páálí tó dáa. Fulaiwíìlì tí ojú ẹ̀ bá ti ha, kí wọ́n gbé e lọ fún àwọn tó ń fi lẹ́ẹ̀dì gé irin kí wọ́n bá wọn tẹ́ ẹ. Bẹ́árìn náà, kí wọ́n jọ pààrọ̀ ẹ̀ pọ̀, torí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọn ò gbọ́dọ̀ tún un sọ̀ lóṣù tó ń bọ̀ nítorí bẹ́árìn kan ṣoṣo.

Láàárín ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, kí wọ́n máa fi jẹ́jẹ́ wa kílọ́ọ̀ṣì tuntun, kí ojú méjèèjì lè bára mu. Bó bá sì bọ́ sí ọjọ́ Túsìdeè, ọ̀nà Aswani n'Ísọlọ̀ kọ́ ni wọ́n máa gbé e gbà, torí ọjọ́ ọjà wọn nìyẹn.