Ohun Tí Ń Bẹ Lẹ́yìn Ẹ̀fà

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tí wọ́n ń pè ní píkọ́ọ̀pù ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́. Òun ni àgbẹ̀ fi ń kó koríko fún màlúù rẹ̀. Òun ni káfíńtà fi ń kó pákó. Òun ni bíríkìlà fi ń kó sìmẹ́ńtì. Òun náà ni wọ́n sì ń so mọ́ tírélà nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kó ẹṣin láti oko kan dé òmíràn. Bí ọkọ̀ náà bá kọ iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, iṣẹ́ ẹni tí ó ni ín dúró nìyẹn. Bí ó bá sì ń mu epo ní ìmukúmu, èrè oṣù a bá epo lọ. Nítorí náà, ìbéèrè méjì ni ẹni tí ó bá fẹ́ ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń bi ara rẹ̀: Ǹjẹ́ yóò tọ́jọ́? Ǹjẹ́ owó epo rẹ̀ kò ní gbọ́n àpò gbẹ?

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ́ńjìnnì ńlá oní-sìlíńdà mẹ́jọ ni àwọn ènìyàn ibẹ̀ gbà pé ó yẹ ọkọ̀ ẹrù. Èrò wọn ni pé ẹrù ńlá kò yẹ ẹ́ńjìnnì kékeré, gẹ́gẹ́ bí a kì í ti í gbé ẹrù àgbà ru ọmọdé. Ṣùgbọ́n ní òde òní, ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù tuntun ni ó ń fi sìlíńdà mẹ́fà, tàbí mẹ́rin pàápàá, ṣe iṣẹ́ tí mẹ́jọ ń ṣe tẹ́lẹ̀. Àṣírí wọn ni ẹ̀rọ kékeré kan tí ń jẹ́ tọ́bò. Àwọn kan ń yìn ín. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù rẹ̀. Ó yẹ kí á wádìí ohun tí ó jẹ́, kí á tó mọ ẹni tí ó sọ òtítọ́ nínú wọn.

Ẹni tí ó bá ti dúró ní àgbẹ̀dẹ rí yóò tètè lóye rẹ̀. Ẹyin iná tí kò rí afẹ́fẹ́ kò lè mú irin pọ́n. Nígbà tí ọmọ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ bá fi ẹwìrì fínná, tí afẹ́fẹ́ rọ́ wọ inú ààrò, nígbà náà ni iná yóò ràn, tí irin yóò sì rọ̀ fún òòlù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni inú ẹ́ńjìnnì. Kí kílò kan epo bẹntiróòlù tó lè jó tán, ó nílò nǹkan bí kílò 14.7 afẹ́fẹ́. Ẹ́ńjìnnì kékeré kò lè fa afẹ́fẹ́ púpọ̀ símú fúnra rẹ̀. Nítorí náà kò lè jó epo púpọ̀, agbára rẹ̀ kò sì lè pọ̀. Tọ́bò ni ẹwìrì rẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ irin kékeré méjì ni ó wà lórí ọ̀pá kan náà. Èéfín gbígbóná tí ń jáde láti inú ẹ́ńjìnnì, tí ìbá kàn ṣòfò sójú ọ̀run, ni ó ń yí èkíní; bí èkíní ti ń yí ni èkejì ń yí, èkejì yìí ni ó sì ń fa afẹ́fẹ́ láti òde, tí ó ń kì í mọ́ inú sìlíńdà. Àwọn abẹ̀bẹ̀ náà lè yí ju ìgbà 100,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹwìrì tí kò nílò ọmọ iṣẹ́ ni: èéfín iná náà ni ó ń fín iná.

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe ti òní. Ní ọdún 1905 ni Alfred Büchi, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ti gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀. Ní ọdún 1918, Sanford Moss, ará Amẹ́ríkà, gbé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfuurufú kan lọ sí orí òkè Pikes Peak ní ìpínlẹ̀ Colorado, òkè tí ó ga ju ẹsẹ̀ bàtà 14,000 lọ. Afẹ́fẹ́ orí òkè bẹ́ẹ̀ fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí agbára ẹ́ńjìnnì fi ń dín kù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tọ́bò tí Moss so mọ́ ọn dá agbára náà padà.

Ní ọdún 1962 ni ilé iṣẹ́ General Motors bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ onítọ́bò fún gbogbo ènìyàn. Ọ̀kan nínú wọn, Oldsmobile Jetfire, ní ike kékeré kan tí a gbọ́dọ̀ máa rọ omi àdàlù mọ́ ọtí methanol sí, kí ooru má baà ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó rà á ni kò ka ike náà sí. Wọ́n jẹ́ kí ó gbẹ, agbára ọkọ̀ náà sì lọ sílẹ̀. Lẹ́yìn ọdún 1963, wọn kò ṣe Jetfire mọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ó ti hàn pé ẹ̀rọ yìí kì í bá ẹni tí kò ní ìtọ́jú gbé.

Dísù ni ó kọ́kọ́ fi orúkọ rere fún tọ́bò láàárín àwọn oní-píkọ́ọ̀pù. Ní ọdún 1989, Dodge gbé ẹ́ńjìnnì dísù onítọ́bò tí ilé iṣẹ́ Cummins ṣe sínú píkọ́ọ̀pù rẹ̀. Irú ẹ́ńjìnnì náà ti ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ oko kí ó tó dé inú ọkọ̀ yìí. Agbára ẹṣin rẹ̀ kò ju 160 lọ, ṣùgbọ́n agbára ìfà rẹ̀ tó 400 lórí ìwọ̀n tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà. Irin rẹ̀ nípọn, kì í sì í yára yí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ti rin ju ọ̀kẹ́ mẹ́wàá ibùsọ̀ lọ kí wọ́n tó tú u wò. Àwọn àgbẹ̀ rí i, wọ́n sì gbà á gbọ́.

Iyèméjì tí ó kù wà lórí ti bẹntiróòlù. Ẹ wo méjì nínú àwọn ẹ́ńjìnnì tí Ford gbé kalẹ̀ fún àwọn tí ó fẹ́ ra F-150 ní ọjà ọdún 2011. Èkíní jẹ́ oní-sìlíńdà mẹ́jọ, lítà 5.0, láìsí tọ́bò. Èkejì jẹ́ oní-sìlíńdà mẹ́fà, lítà 3.5, pẹ̀lú tọ́bò méjì. Agbára ẹṣin ti èkíní jẹ́ 360. Ti èkejì jẹ́ 365. Agbára ìfà ti èkíní jẹ́ 380, kò sì lè mú gbogbo rẹ̀ wá àfi bí ó bá ń yí ní ìgbà 4,250 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ti èkejì jẹ́ 420, ìgbà 2,500 péré ni ó sì ti ń mú un wá. Ìyẹn ni pé kò nílò ariwo púpọ̀ kí ẹrù tó mì. Àwọn àgbà sọ pé ohun tí ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Níhìn-ín, ó ju ẹ̀jọ pàápàá lọ.

Bí ti agbára bá ti rí bẹ́ẹ̀, ti epo ńkọ́? Ìyá tí ó fẹ́ se oúnjẹ ẹnì kan kì í gbé ìkòkò ìnáwó ka iná, nítorí igi púpọ̀ yóò ti jó lórí ìkòkò kí oúnjẹ tó gbóná. Ẹ́ńjìnnì ńlá tí ó gbé ẹnì kan ṣoṣo lọ sí ọjà rí bẹ́ẹ̀ gan-an. Apá kan epo rẹ̀ ni ó fi ń yí irin wíwúwo ara rẹ̀, apá kan ni ó sì ń lò láti fa afẹ́fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà tí wọ́n fún mọ́ ọn. Ẹ́ńjìnnì kékeré kò ní ìnáwó tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọ̀nà bá tẹ́jú tí ẹrù sì fúyẹ́, tọ́bò rẹ̀ a fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sinmi, bí alágbàṣe tí ó jókòó sí abẹ́ igi tí ó ń dúró de ìpè.

Ṣùgbọ́n alágbàṣe tí a bá pè yóò jẹun. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ nínú sìlíńdà, epo náà gbọ́dọ̀ pọ̀. Kò sí ọgbọ́n tí ó lè yí òfin yìí padà. Nígbà tí ẹrù bá wúwo tí òkè sì ga, ẹ́ńjìnnì onítọ́bò ti bẹntiróòlù a tún máa rọ epo kọjá èyí tí yóò jó, kí àfikún náà lè dín ooru inú rẹ̀ kù. Bí awakọ̀ méjì bá ra irú ọkọ̀ kan náà ní ọjọ́ kan náà, tí èkíní ń kó àpótí irinṣẹ́ nìkan tí ó sì ń rọra tẹ̀ ẹ́, tí èkejì ń fa tírélà màlúù gun òkè lójoojúmọ́ pẹ̀lú ìkánjú, ẹ̀rí wọn kò lè dọ́gba láéláé. Èkíní yóò búra pé ọkọ̀ náà kì í mu epo. Èkejì yóò búra pé irọ́ ni àwọn tí ó tà á pa. Àwọn méjèèjì kò purọ́. Ohun tí wọ́n pe alágbàṣe wọn sí ni ó yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á fi ìṣirò wo ọ̀rọ̀ náà. EPA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń mójú tó àyíká, kà á sílẹ̀ pé F-150 ọdún 2011 oní-mẹ́jọ, èyí tí ẹ́ńjìnnì ń yí ẹsẹ̀ méjì rẹ̀, ń rin ibùsọ̀ 17 lórí gálọ́ọ̀nù kan. Ẹgbẹ́ rẹ̀ onítọ́bò ń rin 18. Ẹni tí ó bá rin ibùsọ̀ 12,000 ní ọdún kan yóò lo nǹkan bí gálọ́ọ̀nù 706 nínú èkíní, àti 667 nínú èkejì. Gálọ́ọ̀nù 39 ni èrè rẹ̀. Èrè ni, ṣùgbọ́n kò tó ohun tí a lè fi kọ́lé. Bẹ́ẹ̀ ni inú ilé ìdánwò ni wọ́n ti wọn èyí, láìsí tírélà lẹ́yìn.

Ti Toyota Tundra tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti ọdún 2021, oní-mẹ́jọ, ń rin ibùsọ̀ 15. Ti ọdún 2022, oní-mẹ́fà pẹ̀lú tọ́bò méjì, ń rin 20. Lórí ibùsọ̀ 12,000, gálọ́ọ̀nù 200 ni ìyàtọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ jíà rẹ̀ di mẹ́wàá láti orí mẹ́fà. Nítorí náà, tọ́bò nìkan kọ́ ni ó ni ìyìn.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìtọ́jọ́. Ohun tí ó lè tètè pa tọ́bò ni ooru àti epo ọ́ìlì tí ó ti bàjẹ́. Ọ̀pá tí ń yí ní irú eré bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kan irin. Orí ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ó ń léfòó sí. Bí awakọ̀ bá fa ẹrù wúwo dé ibi tí ó ń lọ, tí ó sì pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀, ọ́ìlì tí ó dúró sínú tọ́bò gbígbóná yóò jóná mọ́ ọn bí ìdí ọbẹ̀. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ a jẹ́ kí ọkọ̀ náà mí fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ó tó pa á. Omi tí ń kọjá lára ọ̀pọ̀ tọ́bò òde òní ti dín ewu yìí kù, ṣùgbọ́n kò sọ ẹnikẹ́ni di òmìnira kúrò lọ́wọ́ pípààrọ̀ ọ́ìlì nígbà tí ó yẹ.

Síbẹ̀, gbogbo ẹ̀bi kọ́ ni ti tọ́bò. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, Toyota pe nǹkan bí ọkọ̀ 102,000 padà ní Amẹ́ríkà, àwọn Tundra àti Lexus LX ti ọdún 2022 àti 2023. Ohun tí wọ́n rí ni èérún irin tí ó ṣẹ́kù sínú ẹ́ńjìnnì nígbà tí wọ́n ń gé e ní ilé iṣẹ́, tí ó lè mú kí ẹ́ńjìnnì kú lójú eré. Kékeré ni abẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Àwọn tí ń fẹ́ràn ẹ́ńjìnnì ńlá yọ̀, ṣùgbọ́n ayọ̀ wọn kò pẹ́; ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, General Motors pe nǹkan bí ọkọ̀ 600,000 padà, píkọ́ọ̀pù àti ọkọ̀ ńlá mìíràn, nítorí àléébù inú ẹ́ńjìnnì oní-sìlíńdà mẹ́jọ, lítà 6.2, tí kò ní tọ́bò rárá. Iṣẹ́ ọwọ́ tí kò mọ́ lè ba ẹ́ńjìnnì kékeré jẹ́. Ó sì lè ba ńlá jẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ilé. Láti Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àlòkù tí a ń pè ní tòkúnbọ̀ ti ń gba èbúté Èkó wọlé. Ẹni tí ó bá ra píkọ́ọ̀pù onítọ́bò nínú wọn kò ra irin nìkan. Ó ra ìwà ẹni tí ó kọ́kọ́ lò ó. Bí ẹni yẹn bá ń pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò, ẹni tí ó rà á lẹ́yìn yóò jẹ èrè rẹ̀. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, gbèsè rẹ̀ ni wọ́n kó wá láti òkè òkun. Mẹkáníìkì tí ó gbọ́n a kọ́kọ́ wo àwọ̀ èéfín. Bí ó bá dà bí aró, ọ́ìlì ń jó. A sì fetí sí tọ́bò bóyá ó ń ké, kí ó tó sọ iye tí ọkọ̀ náà tó.

Nítorí náà, kí ẹni tí ó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ́ńjìnnì onítọ́bò dára fún òun kọ́kọ́ wo irú ẹrù tí òun ń kó, irú ọ̀nà tí òun ń gbà, àti bí ẹsẹ̀ òun ti wúwo tó. Bí ẹrù bá fúyẹ́ ní ọjọ́ púpọ̀, tí ó sì wúwo ní ọjọ́ díẹ̀, yóò rí ìrànlọ́wọ́ ńlá gbà pẹ̀lú epo díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni ó wúwo, kí ó má retí pé èéfín yóò sọ epo di púpọ̀. Dísù ni kí ó wò. Ẹ̀rọ lè fi agbára kún agbára ènìyàn, ṣùgbọ́n sùúrù àti ìtọ́jú kò tíì sí nínú ohun tí wọ́n ń dì mọ́ ọkọ̀ ní ilé iṣẹ́. Ẹni tí ó bá rà á ni yóò mú ìwọ̀nyí wá láti ilé ara rẹ̀.