Màmá Kò Gbé Àtùpà

Iṣẹ́ tí wọ́n rán àwọn ọmọ méjèèjì kò le lójú ìwé. Kí wọ́n lọ sí abúlé kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú tí àjọ wọn gbé iná sólà sí, kí wọ́n ya fọ́tò, kí wọ́n gba ohùn àwọn ará ibẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì kọ ìtàn tí àjọ náà máa fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń fún un lówó. Ọmọ Mass Comm ni àwọn méjèèjì, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, IT ni wọ́n wá ṣe lọ́dọ̀ àjọ náà. Èmi tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rédíò ni wọ́n bẹ̀ pé kí n bá wọn lọ, kí n máa wo bí wọ́n ṣe ń fọ̀rọ̀ wá èèyàn lẹ́nu wò.

Ọ̀rọ̀ IT yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó tó di pé ọ̀nà gbé mi lọ. Láti 1973 ni àjọ ìjọba tó ń jẹ́ ITF ti gbé ètò SIWES, tí à ń pè ní IT, kalẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè fojú ara rẹ̀ rí iṣẹ́ tó ń kà nínú ìwé. Àmọ́ ẹ̀rọ fọtokópì àti ìsọ̀ olóúnjẹ ni ojú ọ̀pọ̀ wọn ń rí. "Ìwọ IT yẹn, lọ bá mi ra ìrẹsì wá." Àjọ yìí tiẹ̀ gbìyànjú ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó rán àwọn tirẹ̀ jáde, ó sì fún wọn ní kámẹ́rà. Owó oṣù ni kò fún wọn. Owó ọkọ̀ ni.

Láti Ìbàdàn dé Ìjẹ̀bú-Òde kò ní ìtàn. A gba ọ̀nà Òrè, a yà kúrò lójú ọ̀dà, ó di ọ̀kadà. Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Ẹni tó bá sọ pé iná sólà rọrùn láti gbé dé ìgbèríko, kó wá gun ọ̀kadà lójú ọ̀nà yìí lẹ́yìn òjò. Gbogbo páńẹ́ẹ̀lì, gbogbo bátìrì, gbogbo òpó, inú ẹrẹ̀ yẹn ni wọ́n gbà kọjá. Ọlọ́kadà tó gbé mi ní lọ́jọ́ tí wọ́n kó bátìrì bọ̀, tírákítọ̀ àwọn onígẹdú ló fà wọ́n yọ. Ìjọba á ya owó iná sọ́tọ̀, á ya owó ọ̀nà sọ́tọ̀, bíi pé àwọn méjèèjì kì í pàdé níbì kan. Gbamu-Gbamu, tí Rubitec tan sólà 85 kilowatt sí ní 2018, wà ní ìjọba ìbílẹ̀ yìí kan náà, àwọn oníròyìn sì mọ ibẹ̀ dáadáa. Abúlé tí àwa ń lọ kéré, oníròyìn kì í débẹ̀.

Ilé ìyá tó ń ta omi tútù ni wọ́n júwe fún wa. Màmá ní òun ò ní sọ nǹkan kan fún ẹni tí ebi ń pa. Ìkọ́kọrẹ́ ló gbé síwájú wa, ẹja inú rẹ̀ ju èyí tí mo máa ń rí nílùú lọ, ó sì fi omi tí yìnyín ṣì wà nínú rẹ̀ tì í. Ẹni tó bá ti jókòó sórí ọ̀kadà láti àárọ̀ mọ ohun tí omi yẹn ṣe fún mi.

A jẹun tán ni ọmọkùnrin yọ ìwé tí ọ̀gá wọn tẹ̀ fún wọn. Fọ́tò kìíní, "ṣáájú": ìyá arúgbó, àtùpà, òkùnkùn. Fọ́tò kejì, "lẹ́yìn": ìyá kan náà, gílóòbù, ẹ̀rín.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gbé àtùpà yín jáde, ká yà yín pẹ̀lú ẹ̀."

"Àtùpà wo?"

"Èyí tí ẹ ń lò kí sólà tó dé, mà."

"Mo ti tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Kí ni mo tún fẹ́ fi ṣe?"

Ọmọ náà kò jáwọ́. Ó jáde, ó yí abúlé ká, ó rí ọ̀kan lẹ́yìn ilé baba kan. Dígí rẹ̀ ti fọ́, ìpẹtà ti jẹ ẹ́ tán, òwú kò sí nínú rẹ̀. Ó gbé e wọlé tayọ̀tayọ̀. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń ràn, ló bá ní ká ti fèrèsé kí yàrá lè ṣókùnkùn, kí Màmá sì bá àwọn wá ìró kan tó ti gbó díẹ̀.

Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dìde, kò sọ̀rọ̀, ó wọ yàrá. A rò pé inú ti bí i. Ó pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀. Nígbà tó máa jáde, ìró àti bùbá léèsì ló wọ̀, ó wé gèlè, ó lé tìróò. Ó fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìsà rẹ̀, ó jókòó, ó gbé ọwọ́ lé e lórí.

"Ẹ wá yà mí. Àwọn ọmọ mi wà l'Ékòó. Tí wọ́n bá rí mi nínú òkùnkùn pẹ̀lú páànù jíjẹrà yẹn, wọ́n á ní kí ló ṣe ìyá àwọn."

Mo ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí, mo sì mọ̀ pé àwòrán ìṣẹ́ lọ́jà. Ọ̀gá tó kọ ìwé yẹn kì í ṣe ènìyàn burúkú, ó mọ ohun tí ń mú olówó tọwọ́ bọ àpò ni. Ẹnì kan lè ní irọ́ kọ́ ni, ṣebí Màmá lo àtùpà rí. Ó lò ó. Ṣùgbọ́n owó ara rẹ̀ ló fi ń ra yúnìtì iná, inú ìyẹn ni ẹja àti omi tó ń tà ti ń jáde. Oníbàárà ni. Ta ló ń ya oníbàárà báńkì nínú aṣọ gbígbó kó tó yà á níwájú káńtà?

Ọmọbìnrin náà, tí kò tíì sọ̀rọ̀ púpọ̀ láti àárọ̀, ló ya fọ́tò fíríìsà yẹn. Màmá wá bi í pé ta ló máa ka ohun tí wọ́n ń kọ.

"Àwọn tó fi owó sólà ránṣẹ́ ni, mà. Òkè òkun ni wọ́n wà."

"Àwa ńkọ́? Ta ló ń kọ tiwa sí wa?"

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Kí ló dé tí yúnìtì abúlé fi wọ́n ju ti àbúrò òun n'Ìjẹ̀bú-Òde lọ? Kí ló dé tí iná fi ń lọ lóru nígbà òjò, tí ẹja òun fi ń yọ́? Tí NEPA bá sì gbé òpó wọn dé lọ́la, ta ló ni àwọn òpó tó wà nílẹ̀ yìí?

Àwọn ọmọ méjèèjì wo ara wọn. Kò sí ẹni tó kọ́ wọn ní ọ̀kankan nínú ẹ̀. Wọ́n mọ iye èéfín tí sólà kò jẹ́ kó wọ ojú ọ̀run, nítorí ìyẹn wà nínú ìwé tí àjọ fún wọn. A lọ síbi tí bátìrì àti ìnfátà wà, bóyá àkọlé kan á ràn wá lọ́wọ́. Ó wà lóòótọ́, wọ́n fi rọ́bà bò ó, ó ń dán, Gẹ̀ẹ́sì sì ni láti òkè délẹ̀.

Ohun tó wà níbẹ̀ kò le láti ṣàlàyé. Ilé díẹ̀ ló ń pín owó òpó, wáyà àti bátìrì láàárín ara wọn, bátìrì sì ń gbó, wọ́n ní láti pààrọ̀ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí yúnìtì fi wọ́n. Nígbà òjò, bátìrì kì í kún, tí wọ́n bá wá lọ gàrí nírọ̀lẹ́, ẹ̀rọ ìlọ̀ á fa èyí tó yẹ kó bá fíríìsà dé àárọ̀. Ká ní ẹnì kan ti sọ fún oníẹ̀rọ pé kó máa lọ̀ ọ́ nígbà tí oòrùn wà lókè, ẹja kò ní yọ́. Òfin tí NERC, àjọ tó ń ṣàkóso iná mànàmáná, gbé jáde ní 2016, tó wà nílẹ̀ títí di 2023, tilẹ̀ gbà kí ará ìlú àti ẹni tó gbé iná wá jọ fẹnu kò lórí iye owó, bí àwọn tó ń lo ìdá 60 nínú 100 iná náà bá fọwọ́ sí i. Màmá ní òun tẹ̀ka sí ìwé kan. Wọn ò kà á fún òun.

Títí alẹ́ fi lẹ́ la wà lórí àlàyé yìí. Ọmọbìnrin ń sọ ọ́ ní Yorùbá sínú fóònù, ọmọkùnrin ń ṣàtúnṣe, Màmá ń dá wọn dúró níbi tí kò bá ti yé e. Ọ̀dọ́ kan tó ní WhatsApp gbà á, ó sì fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́sálásí gbé e sáfẹ́fẹ́ lẹ́yìn ìrun. Mi ò tíì rí IT tó wúlò tó yẹn. Kò sì sí nínú ìwé tí ọ̀gá wọn tẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òpó ló ṣẹ́kù. Òfin yẹn kan náà ní ẹni tó bá ní ìwé àṣẹ lè so iná tirẹ̀ mọ́ ti àwọn tí Màmá ń pè ní NEPA nígbà tí wọ́n bá dé, tàbí kó gbé e lé wọn lọ́wọ́, kó gba owó. Àmọ́ lábẹ́ òfin 2016 náà, iná tí kò tó 100 kilowatt lè máa ṣiṣẹ́ lórí ìforúkọsílẹ̀ lásán láìgba ìwé àṣẹ, ìyẹn kò sì ní ààbò kan náà. Èwo ni ti abúlé yìí? Àwọn ọmọ náà kọ ìbéèrè Màmá ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì pẹ̀lú fọ́tò fíríìsà. Wọ́n dáhùn pé fọ́tò ti dé, pé ẹni tí fáìlì náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti lọ fún ìsinmi.