Lẹ́tà Láti Kpalimé

Kpalimé, Tógò
Ìparí oṣù Bélú

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú àmójútó ṣọ́ọ̀bù fọ́tò wa ní Ọ̀fà, ẹ sì kú wàhálà àwọn ọmọ Poly tí wọ́n ń fẹ́ fọ́tò páásípọ́ọ̀tù lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ní kí n kọ ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò mi sínú ìwé, kí n má fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, nítorí náà ẹ fara balẹ̀ kà á. Ó gùn díẹ̀.

Nígbà tí mo wí fún yín pé àwọn onífọ́tò kan fẹ́ gbà mí síṣẹ́ ní Tógò, pé òkè, igbó àti omi ni wọ́n fẹ́ yà, ẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú yín. Ẹ ní ta ni yóò sanwó fọ́tò tí kò sí ojú èèyàn nínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, wọ́n sanwó. Láti Jámánì àti Faransé ni wọ́n ti wá, ọmọ Tógò kan ló ń ṣamọ̀nà wọn, èmi ni igbákejì rẹ̀: kí n gbé sítáǹdì, kí n ṣọ́ bátìrì, kí n máa lọ wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ yóò ti dára kí wọ́n tó jí.

Ọ̀nà ò le. Mo gba Sèmè bọ́ sí Bẹ̀nẹ̀, mo la Kútọnu kọjá, mo wọ Tógò ní Hilla-Condji. Séfà kan náà ni orílẹ̀-èdè méjèèjì ń ná, torí náà ẹ̀ẹ̀kan náà lèèyàn ń ṣẹ́ owó. Ẹ mú páásípọ́ọ̀tù ECOWAS àti káàdì yẹ́lò dání bí ẹ bá ń bọ̀, kí ẹ sì ra adápítọ̀, nítorí oníhò róbótó méjì ni ṣákẹ́ẹ̀tì wọn, ṣájà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wa kò wọ̀ ọ́. Aago wọn fi wákàtí kan rẹ̀yìn sí tiwa. Kí aago mẹ́fà tó lù, oòrùn ti yọ. Onífọ́tò tí kò bá tíì gun òkè ní aago márùn-ún ti pàdánù iṣẹ́ ọjọ́ náà.

Orílẹ̀-èdè tẹ́ẹ́rẹ́ ni Tógò. Etí òkun rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ gùn ju ọ̀nà Ọ̀fà sí Ìlọrin lọ, ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọjú sí àríwá, ẹ óò rin ohun tó lé ní 500 kìlómítà kí ẹ tó kan ààlà Burkina Faso. Àwọn òkè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti Akwapim ní Gánà, wọ́n dábùú Tógò, wọ́n sì lọ di Atakora ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Kpalimé tí mo wà yìí, nǹkan bí 120 kìlómítà sí Lomé, ẹsẹ̀ òkè gan-an ló wà. Ilẹ̀ kọfí àti kòkó ni.

Nílé àwọn òyìnbó yìí, àsìkò ìwọ́wé ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń parí, ìgbà tí gbogbo igi inú igbó wọn ń pọ́n, tó ń yí sí àwọ̀ ọsàn kó tó já. Irú rẹ̀ ni wọ́n rò pé àwọn yóò bá níbí. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ wa ní Kpalimé, ojú wọn rẹ̀wẹ̀sì: ewé ṣì tutù yọ̀yọ̀ níbi gbogbo. Ewé tíìkì tí àwọn Jámánì gbìn nígbà tí ilẹ̀ yìí wà lábẹ́ wọn, láti 1884 sí 1914, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbó ni, ó di inú ọyẹ́ kó tó wọ́. Ọ̀gá wa, ọmọ Tógò tó ń ṣamọ̀nà, fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n kùn tán, ó wá kó wọn gba ọ̀nà Klóto lọ sí inú oko. Abẹ́ ewé ni ohun tí wọ́n ń wá wà. Kòkó ti ń pọ́n lára igi, òmíràn bíi wúrà, òmíràn pupa rẹ́súrẹ́sú, kọfí sì ti so wìtìwìtì mọ́ ẹ̀ka, pupa, àwọ̀ ọsàn àti àwọ̀ ewé lórí ẹ̀ka kan ṣoṣo. Àsìkò ìkórè ni ìwọ́wé ti ibí.

Ìdí tí wọ́n fi mú oṣù Bélú nìyí. Òjò ti dáwọ́ dúró, afẹ́fẹ́ mọ́, ọyẹ́ ò sì tíì dé. Bí ẹ bá dé ní Ṣẹ́rẹ́, eruku aṣálẹ̀ yóò ti bo gbogbo ojú ọ̀run, òkè tó wà níwájú yín kò ní ju òjìji lọ, èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ò ní sí rárá. Àwọn kan fẹ́ràn bẹ́ẹ̀. Èmi ò fẹ́ràn rẹ̀.

Òkè Agou ló ga jù ní Tógò, 986 mítà. Ọ̀nà ọkọ̀ dé orí rẹ̀, nínú òkùnkùn la sì gùn ún. Nígbà tí ojúmọ́ mọ́, kùrukùru ti tẹ́ sí gbogbo àfonífojì nísàlẹ̀ wa, orí ọ̀pẹ díẹ̀díẹ̀ nìkan ló yọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́ mi ní yíya ìyàwó nínú aṣọ funfun, iṣẹ́ yẹn wúlò níbẹ̀. Kámẹ́rà máa ń rò pé funfun ti pọ̀ jù, á fa ìmọ́lẹ̀ sẹ́yìn, kùrukùru á sì di eérú nínú fọ́tò. Bí a ti ń fi ìmọ́lẹ̀ lé e fún gèlè ìyàwó náà ni mo fi lé e, ó jáde bó ṣe yẹ kó jáde. Ọ̀kan nínú àwọn ará Jámánì wá wo ojú ẹ̀yìn kámẹ́rà mi, ó bi mí pé níbo ni mo ti kọ́ ọ. Mo ní ní Ọ̀fà. Òpó ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ wà lókè pátápátá, ọ̀gá wa sì ti kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má kọ lẹ́ǹsì sí i láìtọrọ àyè. Ó dára bẹ́ẹ̀.

Kí n sọ ti màmá kọfí fún yín. Ní abúlé kan lókè Klóto, wọ́n sá kọfí sórí sìmẹ́ǹtì níwájú ilé. Èyí tí wọ́n ká láàárọ̀ ṣì pupa, èyí tó ti pẹ́ díẹ̀ ti di àwọ̀ obì, èyí tó fẹ́ gbẹ ti dúdú. Màmá kan tó ti dàgbà ń fi ẹsẹ̀ lásán yí i. Ó ń wọ́ gìgísẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀ gbọọrọ láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, ó ń padà, ó ń wọ́ ọ síwájú díẹ̀, títí gbogbo kọfí náà fi di ìlà ìlà tó gún régé. Oòrùn àárọ̀ wá fẹ́gbẹ̀ẹ́ kan àwọn ìlà náà, òjìji sì wà láàárín wọn. Gbogbo kámẹ́rà ló gbéra. Ni ọ̀kan nínú wọn bá ní kí ọ̀gá wa bẹ màmá kó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí fọ́tò lè mọ́. Ọ̀gá wa túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Éwé. Màmá dúró. Ó ní kó bá òun bi wọ́n pé ta ni wọ́n rò pé ó fa ìlà yẹn.

Kò bínú o. Ó yẹ̀ lóòótọ́, wọ́n ya ohun tí wọ́n fẹ́ yà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti parí, ó tọ́ka sí mi, ó ní ó kan òun. Ó wọlé, ó pààrọ̀ aṣọ, ó gbé àga jáde, ó jókòó ṣánṣán, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, ó kọjú sí mi gan-an, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa ṣe ń jókòó fún bàbá yín nígbà tí ṣọ́ọ̀bù wà lẹ́bàá réluwéè. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Mo yà á, mo wẹ̀ ẹ́ ní ìgboro Kpalimé, mo sì mú un padà fún un. Fọ́tò ilẹ̀ tí àwọn yẹn gbé lọ dára púpọ̀, mi ò ní purọ́. Àmọ́ èrò mi ni pé bí gìgísẹ̀ màmá yẹn bá wọ inú rẹ̀ díẹ̀, ì bá tún níyì sí i. Mo sọ ọ́ fún wọn lálẹ́ ọjọ́ náà, a sì jiyàn dé ọ̀gànjọ́.

Láti ibí a gba Atakpamé, níbi tí àwọn Ifẹ̀ tó sọ pé Ilé-Ifẹ̀ làwọn ti wá wà títí dòní. Nítòsí rẹ̀, ní Kamina, ni àwọn Jámánì kọ́ ilé rédíò alágbára kan sí, tí wọ́n fọwọ́ ara wọn wó lóṣù Ògún 1914 kó má bàa bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. A kọjá ibi tí títì gba àárín àpáta ní Alédjo, a dé ọ̀dọ̀ àwọn Batammariba ní Koutammakou, tí UNESCO kọ sí ìwé ogún ayé ní 2004, tí wọ́n sì fi apá ti Bẹ̀nẹ̀ kún ní 2023. Ilé amọ̀ alájà méjì ni ilé wọn, abẹ́ ni ẹran ń sùn, òkè ni èèyàn àti àká wà. Ẹ ò gbọdọ̀ ya ilé ẹnikẹ́ni láìkí onílé. A ò kọjá ibẹ̀ sí àríwá: láti 2022 ni ìjọba ti kéde ìgbà pàjáwìrì ní ẹkùn Savanes nítorí àwọn agbébọn.

Etí òkun la kọ́kọ́ yà, ṣùgbọ́n òun ni mo fi sẹ́yìn nítorí òun ló dùn mí jù. Láti Agbodrafo dé Aného, òkun ń jẹ ilẹ̀. Iyanrìn tí odò Volta máa ń gbé wá láyé àtijọ́ dínkù lẹ́yìn tí Gánà parí ìdídò Akosombo ní 1965, èbúté Lomé tí wọ́n ṣí ní 1968 sì tún dènà èyí tó kù. Mo rí àtẹ̀gùn ilé kan lórí iyanrìn, ìgbésẹ̀ mẹ́rin, lẹ́yìn rẹ̀ omi ni. Kò sí ilé mọ́. Lójú fọ́tò, ó lẹ́wà láàárọ̀, èyí gan-an ló sì bà mí nínú jẹ́. Mo rọ àwọn tí mo bá ṣiṣẹ́ pé kí wọ́n kọ ibi tó jẹ́ àti ìdí rẹ̀ sábẹ́ fọ́tò wọn, àwọn méjì gbà.

Ojú ọ̀nà etí òkun yìí náà ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ gbà nígbà tí ìjọba Busia ní Gánà lé àwọn èèyàn wa lóṣù Bélú 1969, tó fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ẹ rántí pé bàbá yín máa ń sọ pé àwọn la Tógò já láìrí nǹkan kan níbẹ̀, nítorí abẹ́ tàpólì ni wọ́n wà pẹ̀lú ẹrù. Mo ti ya ọ̀nà náà fún wọn láti Lomé dé Aného. Bí mo bá dé, a ó wẹ̀ ẹ́ ní ńlá.

Ohun tí mo fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ yín rèé, Ẹ̀gbọ́n. Ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ omi Òwú ní Òwá Kájọlà, ọ̀dọ̀ wa ní Kwara ló wà, wọ́n sì ní gíga rẹ̀ tó 120 mítà. Nínú gbogbo fọ́tò tó wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù wa, ẹyọ kan ò sí níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ti ilẹ̀kùn fún ọjọ́ kan kí ọyẹ́ tó mú, ká lọ, ká kí àwọn tó ni ilẹ̀, ká sì ya àwọn náà mọ́ ọn. Owó epo wà lọ́wọ́ mi.

Àbúrò yín ní tòótọ́.